Àgọ́ Àwọn Ọmọ tí Ìyá Wọn Lọ sí Ìdálẹ̀: Ohun tí Mo Rí ní Ilẹ̀ Móldófà

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í máa sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n, ní oṣù keje ọdún 2024, èmi náà dé oko baba ẹlòmíràn. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni, Móldófà ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù, láàrin Rùmáníà àti Ukréìn. N kò bá ti ọjà lọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò lọ kàwé. Àwa mẹ́jọ láti ìjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni a fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi wa sílẹ̀, tí a sì san owó ọkọ̀ ara wa, láti lọ ran àwọn Kristẹni ibẹ̀ lọ́wọ́ ní àgọ́ tí wọ́n ń pa nígbà ooru fún àwọn ọmọdé tí ìyà ń jẹ. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí mo rí fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

BÍ ILẸ̀ NÁÀ TI RÍ

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Chişinău, olú-ìlú wọn, bí wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú fi gbé wa. Aago wọn fi wákàtí méjì ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá mọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dáadáa, kí ó fi díẹ̀ kún un, ó ti mọ bí Móldófà ti tóbi tó nìyẹn. Ilẹ̀ wọn dúdú bí èédú, ó sì lọ́ràá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbé wa jáde kúrò nílùú, oko àgbàdo ni à ń rí lọ́tùn-ún lósì, àti oko àjàrà, àti oko òdòdó ńláńlá aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fún òróró láti inú irúgbìn rẹ̀. Igi kan tí èso rẹ̀ jọ awùsá wa ni wọ́n gbìn tọ ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Ẹyẹ àkọ̀ tẹ́ ìtẹ́ sórí òpó iná, ó ń wo èrò ọ̀nà bí onílé.

Ohun tó wù mí jù lọ́nà ni àwọn kànga wọn. Wọ́n kọ́ òrùlé kékeré lé e lórí, wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún, wọ́n sì ri àgbélébùú mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí èrò tó ń kọjá lè fa omi mu kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tó bá gbẹ́ kànga sójú ọ̀nà ti ṣe oore tí orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́.

Ilẹ̀ tó ti rí ìyà ni. Ìyàn ńlá mú wọn ní ọdún 1946 sí 1947. Ní oṣù keje ọdún 1949, ìjọba Sófíẹ̀tì kó bí 35,000 ènìyàn nínú wọn, àtọmọdé àtàgbà, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé wọn lọ sí Sìbéríà àti àwọn ilẹ̀ tó jìnnà. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n gba òmìnira. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ gbọ́ èyí: lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì, lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń kọ èdè wọn, títí di ọdún 1989 tí wọ́n tó dá a padà sí irú lẹ́tà tí àwa náà ń lò. Orin orílẹ̀-èdè wọn lónìí, “Limba noastră”, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Èdè Wa”. Èdè abínibí ni wọ́n ń fi orin náà yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orílẹ̀-èdè tó ń fi èdè rẹ̀ ṣe orin ìwúrí kò pọ̀ láyé.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN ỌMỌ FI DÁ WÀ

Ẹni tó bá gbọ́ pé ọmọ tí ìyà ń jẹ ni a lọ bá yóò rò pé ọmọ òrukàn ni wọ́n. Nínú ọgọ́ta ọmọ tó wà ní àgọ́ wa, àwọn tí òbí wọn ti kú kò tó mẹ́wàá. Àwọn díẹ̀ wá láti Ukréìn, tí ogun lé kúrò nílé láti oṣù kejì ọdún 2022. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ìyá, wọ́n sì ní baba. Ìdálẹ̀ ni àwọn òbí wọn wà.

Nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì wó, ilé-iṣẹ́ tilẹ̀kùn, oko ìjọba túká, owó sì di ọ̀wọ́n. Àwọn ọkùnrin gba Rọ́ṣíà lọ láti máa bá wọn kọ́lé. Àwọn obìnrin gba Ítálì lọ láti máa tọ́jú arúgbó. Ní nǹkan bí ọdún 2006, owó tí àwọn ará ìdálẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sílé tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ń mú wá lọ́dún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2004, àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó bí mílíọ̀nù 3.4, láìka àwọn tó wà ní òdìkejì odò Nistru tí kò sí lábẹ́ ìjọba Chişinău. Ní ọdún 2024, wọ́n kò ju bí mílíọ̀nù 2.4 lọ.

Ẹ wo bí ayé ti yí po. Obìnrin kan ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá ní Ítálì, ó ń tẹ́ ibùsùn fún un, ó ń ṣọ́ oògùn tí yóò lò. Ìyá tirẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni ó ń fa omi kànga fún ọmọ rẹ̀ nílé. Ọmọ tí kò bá sì ní ìyá àgbà, ilé ìtọ́jú ìjọba ni í máa ń bọ́ sí láyé àtijọ́. Ní ọdún 2007, àwọn ọmọ tó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ní 11,000, púpọ̀ nínú wọn ni òbí wọn sì wà láàyè. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń ti àwọn ilé náà pa níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹbí tàbí tí wọ́n ń fi wọ́n sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù níbẹ̀ lónìí.

IṢẸ́ ÀGỌ́

Àgọ́ wa wà létí igbó ní agbègbè Orhei, ní ìhà àríwá Chişinău. Ní ayé Sófíẹ̀tì, irú ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ nígbà ìsinmi, tí wọ́n á so ìborùn pupa mọ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n á sì kọ́ wọn pé kò sí Ọlọ́run. Inú àwọn ilé pákó kan náà ni àwọn ọmọ ti ń kọrin ìyìn báyìí.

Aago méje àbọ̀ ni agogo ń lù. Eré ìdárayá ló ṣáájú, oúnjẹ àárọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ Bíbélì, iṣẹ́ ọwọ́ àti bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ sùn fún wákàtí kan, yálà oorun ń kùn wọ́n tàbí kò kùn wọ́n. Ní alẹ́, a ó dáná, a ó jókòó yí i ká, a ó sì kọrin. Ìránṣọ ni iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Ògbufọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ bí ogún ọ̀rọ̀ èdè wọn kí n tó lọ, ogún ọ̀rọ̀ náà sì ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. “Tanti” ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ, bí àwọn ọmọ tiwa ti ń pe àǹtí. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti di àǹtí gbogbo ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, àwọn Òyìnbó yìí ń ro ọkà àgbàdo! “Mămăligă” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á da ìyẹ̀fun àgbàdo sínú omi tó ń hó nínú ìkòkò irin, wọ́n á rò ó títí yóò fi ki, wọ́n á dà á sórí pákó, wọ́n á sì fi okùn gé e. Wàràkàṣì àgùntàn ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kan mo gba orógùn lọ́wọ́ ìyá tó ń se oúnjẹ àgọ́. Ó dúró, ó wò mí títí mo fi rò ó tán, ó wá sọ fún ògbufọ̀ pé ẹni tó kọ́ mi ní ọkà ríro kò ṣeré. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́.

Òfin mẹ́ta ni wọ́n kà fún wa kí a tó rí ọmọ kankan. Èkíní, àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú iyàrá tí a tì. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọ́n ti wo ìwé wa bóyá ẹnìkan nínú wa ti jẹ̀bi rí kí wọ́n tó gbà wá. Èkejì, a kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ kan lẹ́bùn lọ́tọ̀. Ohun tí a bá mú wá, kí a kó o lé àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n pín in. Ẹ̀kẹta ló le jù: a kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ kankan pé a óò padà wá.

Ọ̀gá àgọ́, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba ni, ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní, “Àwọn ọmọ yìí ti gbọ́ ‘mò ń bọ̀’ púpọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀, wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún tuntun. Ẹ má fi tiyín kún un. Bí ẹ bá lè wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá. Ojú wọn yóò rí yín.”

ÀBẸ́LÀ ÌHÀ ALÁÀYÈ

Ní ọjọ́ karùn-ún a kó àwọn ọmọ lọ sí Orheiul Vechi, níbi tí odò Răut ti ṣẹ́ kọ́ńkọ́ sábẹ́ àpáta funfun gíga. Bí ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ti ní Olúmọ tí ẹ sá sí lọ́jọ́ ogun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ní àpáta yìí. Láyé àtijọ́ ni àwọn mọ́ńkì ti gbẹ́ iyàrá sínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbàdúrà nínú òkùnkùn lókè odò. Ilé ìsìn kékeré kan ṣì wà nínú ihò náà di òní olónìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn Móldófà ni ó jẹ́ ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin wọn ń borí bí àwọn ìyá ìjọ tiwa ti ń ṣe. Ní inú ìjọ wọn, ibi tí à ń tan àbẹ́là sí fún aláàyè yàtọ̀ sí ibi tí à ń tàn án sí fún òkú.

Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ra àbẹ́là kan. Ó di àbẹ́là náà mú, ó lọ bi mọ́ńkì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ léèrè pé níbo ni ti aláàyè. Mọ́ńkì fi hàn án. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì kí ó má baà ṣì í, kí ó tó tan iná sí i. Ìyá rẹ̀ ló tàn án fún. Ọdún mẹ́ta ni ìyá náà ti wà ní Ítálì.

ÀLỌ́ EWÚRẸ́ ÀTI ÀLỌ́ AJÁ

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ṣe eré kan fún wa. Ìtàn Ion Creangă ni, òǹkọ̀wé tí kò sí ọmọ ilé-ìwé kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1875 ni ìtàn náà kọ́kọ́ jáde. Ìyá ewúrẹ́ kan ní ọmọ mẹ́ta. Ó ń lọ sí igbó láti wá oúnjẹ, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni àfi bí wọ́n bá gbọ́ orin òun. Ìkookò fetí kọ́ orin náà, ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kí ó bá a pọ́n ahọ́n rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè tín-ín-rín bí ti ìyá. Ẹ̀gbọ́n àgbà ṣílẹ̀kùn, ìkookò sì pa òun àti èyí tó tẹ̀ lé e jẹ. Àbúrò tó sá pamọ́ nìkan ló yè.

Ọmọbìnrin tó ṣe ìyá ewúrẹ́ kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tó tó àkókò fún un láti jáde lọ sí igbó, ó tún kọ́là ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe, ó jáde díẹ̀, ó padà, ó tún kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọdé tó ń wòran kò rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń se oúnjẹ fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

Wọ́n ní kí èmi náà pa àlọ́ ilé wa. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni àlọ́ Ajá àti Ìjàpá, èyí tí púpọ̀ nínú yín mọ̀: bí ìyàn ṣe mú láyé àwọn ẹranko, tí wọ́n pinnu láti máa pa ìyá wọn jẹ, bí Ajá ṣe gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ojú ọ̀run, bó ṣe máa ń kọrin, tí ìyá á sì sọ okùn sílẹ̀, tí Ajá á gun un lọ jẹun, àti bí Ìjàpá ṣe kọ́ orin náà láti fi tan ìyá. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí okùn já tí Ìjàpá já lulẹ̀. Ọmọ tó tan àbẹ́là lánàá ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tanti, kí ló dé tí ìyá náà kò fi sọ̀kalẹ̀?”

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún mi, mo sì dákẹ́. Ọ̀gá àgọ́ ló dá a lóhùn. Ó ní, “Ìyàn wà nílẹ̀, ọmọ mi. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ ni ebi yóò jọ pa.” Ọmọ náà rò ó díẹ̀, ó ní, “Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn Ìjàpá, ó sì rò pé ọmọ òun ni.”

Kò sí ẹni tó rí èsì sí èyí.

LẸ́YÌN TÍ ÀGỌ́ BÁ TÚ

Bí a bá wí pé ọ̀sẹ̀ méjì lè tún ayé ọmọ ṣe, a ń tan ara wa. Iṣẹ́ gan-an wà nínú ìwé kan tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgọ́. Nínú rẹ̀ ni ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, àti ti ìyá àgbà rẹ̀, nọ́ńbà fóònù òbí, irú kíláàsì tó wà, àti orúkọ ẹni kan nínú ìjọ tí yóò máa dé ilé náà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Ẹni náà ni yóò wò ó bóyá igi ìdáná kù, bóyá ọmọ ń lọ sílé-ìwé, bóyá ara ìyá àgbà yá. Àgọ́ jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọmọ. Ìbẹ̀wò ni ìtọ́jú.

Mo bá ọ̀kan nínú wọn dé ilé ìyá àgbà kan. Ó mú wa wọ iyàrá àlejò, tí wọ́n ń pè ní “casa mare”, níbi tí wọ́n ń kó ohun dáradára ilé sí. Lórí àpótí ni bàtà tuntun kan wà, tí ìyá ọmọ náà fi ránṣẹ́ láti Ítálì. Bàtà olówó ńlá ni. Ọmọ náà kò lè wọ̀ ọ́, ó ti kéré jù. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí ìyá rẹ̀ rántí nígbà tó ń lọ ni ó fi rà á.

Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìyá yẹn ṣe ẹlẹ́bi. Ó ṣiṣẹ́, ó fowó pamọ́, ó rántí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹsẹ̀ ọmọ ti dàgbà.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWA NÍLÉ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí wa. Ní nǹkan bí ọdún 1955 sí 1975, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni òbí wọn tí ń kọ́ iṣẹ́ amòfin tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ́dọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun, ní Kent àti Sussex àti ibòmíràn. Inú ìwé ìròyìn “Nursery World” ni púpọ̀ wọn ti ń polówó wá alágbàtọ́. Àwọn ọmọ mìíràn bọ́ sọ́wọ́ rere. Àwọn mìíràn dàgbà láìgbọ́ èdè baba wọn, wọ́n sì ń wo ìyá tó bí wọn bí àlejò. Lónìí, ìrìn náà ti yí padà: òbí wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà, ọmọ wà lọ́dọ̀ màmá ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀yin òbí tí ọ̀nà jìn sí, ẹ yan wákàtí kan tí ẹ óò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó ra bàtà, ẹ ní kí wọ́n fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ń bọ̀ ní Kérésìmesì bí kò bá dá yín lójú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ rí i bí nǹkan bá ń bàjẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ìyá arúgbó tó ń tọ́ ọmọ ọmọ mẹ́rin wà ní àdúgbò yín. Ẹ yà wò ó.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí irú àgọ́ yìí lókè òkun, kí ó bá àwọn tí ará ìlú náà gan-an ń darí lọ, tí wọ́n ń wádìí ènìyàn kí wọ́n tó gbà á, kí ó sì máa padà sí ibì kan náà lọ́dọọdún. Kí ó yẹra fún àwọn tó ń gba owó láti kó àlejò lọ wo ọmọ nínú ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí bí ẹni ń wo ìran. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá kìlọ̀ nípa ewu tó wà nínú irú èyí.

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ilé tí òbí ń tìtorí rẹ̀ sùn sí ìdálẹ̀, ọmọ ni yóò jogún rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ sì ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Olúwa kó gbogbo ará ìdálẹ̀ wa délé láyọ̀, kí wọ́n sì bá ọmọ wọn láàyè.